Mímí Láti Ihò Imú Kọ̀ọ̀kan àti Ohun Tí Ó Ń Ṣe Nínú Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìpẹru àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká máa ń béèrè léraléra, láti ìgbà tí mímí àwọn oníyóògà ti wọ inú eré ìdárayá òwúrọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àgbàlagbà. A tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó takókó.

Kí ni a ń pè ní mímí ihò imú àwọn oníyóògà?

Ó jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò láti ayébáyé láti fi darí èémí: ènìyàn a fi ìka dí ihò imú kan, a sì máa fi ìkejì mí ní ìlànà tí a ti là sílẹ̀. Pranayama ni wọ́n ń pe ìdarí èémí lápapọ̀. Nínú nadi shodhana, a máa ń pààrọ̀ ihò imú méjèèjì. Nínú surya bhedana, ihò ọ̀tún ni a fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, a ó sì tú u síta láti òsì. Chandra bhedana ni òdìkejì rẹ̀.

Swami Kuvalayananda, tí ó dá ilé ìwádìí Kaivalyadhama sílẹ̀ ní ìlú Lonavla, Íńdíà, ní ọdún 1924, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé yóògà lọ sí iwájú ẹ̀rọ àti ìwọ̀n. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń jáde lóríṣiríṣi. Èyí tí a lè gbára lé wà níbẹ̀, èyí tí ènìyàn kàn ń fi yangàn náà sì wà níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń ṣe èyí tí ó rọrùn jù?

Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà, ìbáà jẹ́ orí àga tàbí orí ẹní. Ẹ ká ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ó ku àtàńpàkò, tí yóò máa dí ihò ọ̀tún, àti ìka tí a ń fi òrùka sí, tí yóò máa dí ihò òsì. Ẹ dí ọ̀tún, kí ẹ fi òsì fa afẹ́fẹ́ sínú jẹ́jẹ́; ẹ dí òsì, kí ẹ ṣí ọ̀tún, kí ẹ sì tú u síta. Ẹ tún fi ọ̀tún kan náà fa òmíràn wọlé, ẹ dí i, kí ẹ tú u síta láti òsì. Ìyípo kan nìyẹn.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní í dá èémí dúró rárá, ìṣẹ́jú 5 sì ti tó o. Bí ẹni tí ó jókòó tì yín bá ń gbọ́ ìró èémí yín, a jẹ́ pé ẹ ti fi agbára jù ú. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó, nítorí ikùn tí ó kún kì í jẹ́ kí iṣan ńlá abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ráyè sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni imú ní tí ẹnu kò ní?

Imú ń sẹ́ ekuru kúrò nínú afẹ́fẹ́, ó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń fún un ní omi kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń dá afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kọ́: nǹkan bí ìdajì gbogbo ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń bá pàdé láti òde dé inú ẹ̀dọ̀fóró, inú imú ni ó wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń fi imú mí kò fi lè sáré mí bí ẹni tí ó ń fi ẹnu mí. Bí a bá tún wá dí ihò kan, ìdènà náà a pọ̀ sí i, èémí a sì falẹ̀ sí i, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìdajì àǹfààní dídí ihò kan wà: kò jẹ́ kí ènìyàn lè kánjú.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ nitric oxide, tí àwọn ihò ṣófo inú egungun ojú máa ń pèsè. Àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska ní Sweden ni wọ́n tọpa ibi tí ó ti ń wá láàárín àwọn ọdún 1990. Bí ó bá bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tí ó ń la ẹnu mí kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí ihò imú mi kan fi máa ń dí, nígbà tí n kò ní ọ̀fìnkìn?

Èyí máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsàn. Ẹran rírọ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kún un, a wú bí kànrìnkàn tí ó mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì fà sẹ́yìn, a fọn. Nígbà tí ti apá kan bá wú, ti apá kejì a fọn, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan wọn a sì pààrọ̀. Richard Kayser, dókítà ará Jámánì, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1895. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìpààrọ̀ náà ń gbà tó wákàtí 2 sí 6, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tẹ̀lé àkókò kan pàtó.

Ọpọlọ ni ó ń darí rẹ̀, láti inú ètò iṣan tí ń bójú tó àwọn ohun tí a kì í fi ìfẹ́ inú wa darí, bí ìlù ọkàn, òógùn àti ìdà oúnjẹ. Ètò yìí ní ẹ̀ka méjì: ọ̀kan ń ta ara jí, ìkejì ń mú ara sinmi. Apá imú tí àṣẹ ìtají bá pọ̀ sí, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sún kì, ihò ibẹ̀ a sì là. Nítorí náà, kì í ṣe àròsọ lásán ni àwọn oníyóògà ń sọ nígbà tí wọ́n ní ihò tí ó là ní ohun tí ó ń sọ nípa ara. Àsọdùn ibẹ̀ ni pé wọ́n gbé ohun púpọ̀ ka orí ohun kékeré.

Bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ihò ọ̀tún a máa dí díẹ̀díẹ̀, ti òsì a sì máa là. Àwọn oníyóògà ìgbàanì mọ èyí dáadáa, wọn a sì fi igi kan tí wọ́n ń pè ní yoga danda ti abíyá láti fi yí ihò tí ó là padà. Ẹni tí ihò rẹ̀ kan bá dí lásìkò tí ó fẹ́ ṣe eré mímí lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ihò tí ó dí wà lókè. Kí ó má fi tipátipá fọn ọ́n.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń fi ọ́síjìn kún ẹ̀jẹ̀?

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde láti ẹ̀dọ̀fóró irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbé ìdá 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ó lè gbé. Àyè tí ó ṣẹ́kù kò tó ohun tí à ń polówó. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìyípo mẹ́wàá yóò “kún ara fún ọ́síjìn” ń tajà fún yín ni.

Ohun tí ń yí padà ni bí afẹ́fẹ́ tí a fà ṣe ń wúlò tó. Nínú nǹkan bíi mílílítà 500 tí àgbàlagbà ń fà wọlé lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 150 ń dúró sí ojú ọ̀nà, nínú imú, ọ̀fun àti àwọn ọ̀nà èémí tí kò bá ẹ̀jẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tí ó mí ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó ń fa 500 nígbà kọ̀ọ̀kan, fa lítà 7.5 wọlé, ṣùgbọ́n lítà 5.25 péré ni ó dé ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó mí ní ìgbà 6, tí ó ń fa 1,000 nígbà kọ̀ọ̀kan, fa lítà 6, lítà 5.1 sì dé ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wàhálà ti èkejì ni ó kéré.

Kí ni ó ń ṣe fún ọkàn?

Bí a bá ń fa èémí sínú, ọkàn a yára díẹ̀. Bí a bá ń tú u síta, a rọra. Ẹnikẹ́ni lè di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ó sì gbọ́ ọ. Iṣan vagus, tí ó ti inú agbárí sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn, ni olórí ohun tí ń fà á: ìdarí rẹ̀ lórí ọkàn ń dẹ̀ nígbà tí a bá ń fa èémí sínú, ó sì ń lágbára nígbà tí a bá ń tú u síta. Nítorí náà, ìtúsíta tí ó gùn ń fún ẹ̀ka ìsinmi láyè.

Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́jẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 6, èyíinì ni ìṣẹ́jú àáyá 5 fún ìfàwọlé àti 5 fún ìtúsíta, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá ń yára mí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìgbì tirẹ̀ tí ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, èémí a sì wá bá ìgbì náà rìn pọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín yíyára àti rírọra ọkàn a fẹ̀ sí i, àwọn olùṣọ́ ìfúnpá tí ó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti ti àyà a sì máa tètè dáhùn. Àmì ara tí ó lè bá ipò mu ni èyí.

Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ṣe ìwádìí kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ni ní yóògà mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ka àdúrà rosary ní èdè Látìn, kí wọ́n sì tún ka gbólóhùn àwọn oníyóògà. Méjèèjì fa èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, méjèèjì sì mú ìdáhùn àwọn olùṣọ́ ìfúnpá dára sí i. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó dí ihò imú kankan nínú ìwádìí náà. Ìfalẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́.

Ṣé mo lè fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nadi shodhana lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ níwọ̀nba, pàápàá nọ́ńbà ti òkè, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi wé iṣẹ́ oògùn lára ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá 140/90. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í sábà fi àmì hàn; pé ara yín fúyẹ́ lẹ́yìn mímí kò sọ pé nọ́ńbà ti dára. Kí ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ fi mímí kún un, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí nọ́ńbà bá wá ń wálẹ̀ títí, òun ni yóò dín oògùn kù, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe olùkọ́ yín.

Wọ́n ní ihò ọ̀tún ń mú ara gbóná, ti òsì ń mú un tutù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nínú ìmọ̀ àwọn oníyóògà, ọ̀nà ọ̀tún, pingala, jẹ́ ti òòrùn. Ọ̀nà òsì, ida, jẹ́ ti òṣùpá. Shirley Telles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1994. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́: àwọn kan fi ọ̀tún nìkan mí, àwọn kan òsì nìkan, àwọn kan ń pààrọ̀, ìyípo 27, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún oṣù kan. Ọ́síjìn tí ara ń lò pọ̀ sí i ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti ọ̀tún. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí.

Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé ó pọ̀ sí i ní ìdá 24 lára àwọn ti òsì, àti ní ìdá 18 lára àwọn tí ń pààrọ̀. Bí òsì bá ń mú ara tutù ní ti gidi, a kò retí kí iná ara àwọn ti òsì máa jó sí i. Òótọ́ ni pé ìwádìí náà rí àmì ìsinmi kan lára awọ ọwọ́ àwọn ti òsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lò kò pọ̀, kò sì yẹ kí a fi kọ́ ilé ńlá lé ìpìlẹ̀ tóóró.

Èyí tí a gbà gbọ́ tó láti ṣiṣẹ́ lé lórí ni ti ìfúnpá. Nínú ìwádìí mìíràn tí ikọ̀ kan náà gbé jáde ní ọdún 1996, mímí láti ihò ọ̀tún nìkan gbé nọ́ńbà òkè sókè ní nǹkan bíi 9. Nítorí náà, àwa kì í kọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní surya bhedana, a kì í sì í bá olùkọ́ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ jiyàn púpọ̀. A kàn ń sọ fún aláìsàn pé kí ó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi ń múra sílẹ̀ fún JAMB. Ṣé yóò jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ jí?

Ó lè mú kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kí ó tó jókòó ti ìwé, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ní ti ọpọlọ fúnra rẹ̀, ìwádìí kan ní ọdún 1983 sọ pé ìhà ọpọlọ tí iṣẹ́ pọ̀ sí máa ń bá ihò imú tí ó là rìn ní òdìkejì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé kí ọmọ fi ọ̀tún mí kí ó tó ṣe ìṣirò, kí ó fi òsì mí kí ó tó yàwòrán. A kò rí ìdí tí a ó fi fi ìyẹn da ọmọ láàmú.

Èyí tí ó wù wá jù ni ìwádìí tí Christina Zelano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern, Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2016. Wọ́n rí i pé ìfàwọlé èémí láti imú ń darí ìgbì iná mànàmáná ní àwọn apá ọpọlọ tí ń bójú tó ìrántí àti ẹ̀rù, àti pé bí ènìyàn bá ń fi ẹnu mí, ìgbì náà a dín kù. Kí ọmọ fi imú mí, kí ó sùn tó, kí ó sì ka ìwé rẹ̀.

Ṣé mo lè jẹ obì kí n tó ṣe é?

Ní Rẹ́mọ, níbi tí obì ti jẹ́ òwò àti oúnjẹ àlejò, kò sí bí ìbéèrè yìí kò ṣe ní í wáyé. Gbánja àti obì àbàtà ní káfíìnì nínú, bíi ti kọfí. Káfíìnì ń ta ara jí, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè fún wákàtí mélòó kan, pàápàá lára ẹni tí kì í jẹ ẹ́ déédéé. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5. Obì kò ba mímí jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ ẹ́ tán tí ó wá fẹ́ fi èémí mú ara rọlẹ̀ ń fi ọwọ́ kan gbé ohun tí ó fi ìkejì sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ mí kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Gàrí ni mò ń yan. Ṣé mo lè máa ṣe é nídìí iná nígbà tí mo bá ń sinmi?

Rárá o, màmá. Imú ń sẹ́ ekuru tí ó tóbi, ṣùgbọ́n ohun tí ó kúnná jù nínú èéfín igi ń kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí tí ó jinlẹ̀ sì ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹ jáde kúrò ní abà, kí ẹ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ikọ́ àti omijé sì ti lọ. Bákan náà ni fún ẹni tí ọjà rẹ̀ wà létí títì ọkọ̀ ẹrù ní Ṣágámù.

Nígbà ọyẹ́, ara ihò imú máa ń gbẹ, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi òrí díẹ̀ pa ẹnu ihò náà. Ẹ má ṣe kì í sínú lọ́hùn-ún, nítorí ọ̀rá tí ó bá bá èémí dé ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe ibẹ̀ léṣe.

Ọ̀fìnkìn ti dí imú mi méjèèjì ńkọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi lọ. Oògùn tí a ń kán sí imú láti kẹ́míìsì ń la imú kíákíá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó ju nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ, imú a tún máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ni ó dí tí kì í là rárá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde, dókítà ni kí ẹ rí, kì í ṣe olùkọ́ yóògà.

Mo ní ikọ́ fée. Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́?

Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́ láti má ṣe máa sáré mí nígbà tí àyà wọn bá ń já, ṣùgbọ́n kì í ṣí ọ̀nà èémí tí ó ti sún kì. Nígbà tí ikọ́ bá ti gbé e dé, oògùn tí a ń fà sẹ́nu ni, kì í ṣe ìka lórí imú. Ẹ má ṣe dí ihò kankan nígbà tí èémí bá ti ń ṣòro.

Kí ni àǹfààní kíkùn bí oyin tí wọ́n ń pè ní bhramari?

Ẹnu wà ní pípadé, ènìyàn a sì máa kùn bí ó ti ń tú èémí síta. Ìró náà ń gbọn afẹ́fẹ́ inú àwọn ihò egungun ojú, ó sì ń lé nitric oxide jáde láti ibẹ̀. Ní ọdún 2002, Weitzberg àti Lundberg ní Sweden wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé èyí tí ń jáde láti imú nígbà tí ènìyàn bá ń kùn tó ìlọ́po 15 ti ìgbà tí ó dákẹ́. Kíkùn tún ń mú ìtúsíta gùn láìjẹ́ pé ènìyàn ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan fún àgbàlagbà tí ọwọ́ ń ro, tí kò lè gbé e sókè sí imú pẹ́, èyí ni a ó yàn.

Òòyì ń kọ́ mi, ọwọ́ mi sì ń rìn mí nígbà tí mo bá ń ṣe é. Ṣé agbára rẹ̀ ni?

Àṣejù rẹ̀ ni. Bí a bá ń mí yára tàbí tí a ń mí jinlẹ̀ ju bí ara ti fẹ́ lọ, káábọ́nì dáyọ́síàdì inú ẹ̀jẹ̀ a dín kù jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ a sì sún kì. Òòyì, rírìn ètè àti ti ọwọ́ a tẹ̀lé e. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, kí ẹ sì padà sí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀, yóò lọ.

Kapalabhati ni ó sábà ń fa èyí, nítorí pé ó jẹ́ fífi agbára já èémí síta léraléra. Ní ọdún 2004, àwọn dókítà kọ ìròyìn obìnrin ẹni ọdún 29 kan tí afẹ́fẹ́ jò láti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sínú àyà lẹ́yìn tí ó ṣe é. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ìdí tí ẹni tí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò fi kọ́ ọ láti inú fídíò.

Ta ni kò yẹ kí ó ṣe é?

Mímí jẹ́jẹ́ láìdá èémí dúró kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dídá èémí dúró àti jíjá a síta tipátipá ni kí aláboyún, ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ó ní wárápá, ẹni tí ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ga àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yẹra fún. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ dá èémí dúró rárá, nítorí àìtó ọ́síjìn lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yí padà bí dòjé, kí ìrora sì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí n fi omi fọ imú kọ́kọ́? Mo sáà ń ṣe àlùwàlá.

Fífín omi símú níwọ̀nba nínú àlùwàlá ń fọ ẹnu ihò imú, ó sì dára kí ènìyàn mí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni jala neti, níbi tí àwọn oníyóògà ti ń da omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ gba ihò kan jáde ní ìkejì. Omi tí a sè, tí a sì jẹ́ kí ó tutù, ni kí a lò fún un. Kì í ṣe omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ. Kòkòrò kan wà tí a kò lè fojú rí, tí ń gbé inú omi tí a kò sè, tí ó lè gba òkè imú wọ ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tí ń yè é.

Ṣé kò ta ko ẹ̀sìn mi?

Ilẹ̀ Híńdù ni ó ti ṣẹ̀, àwọn kan sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ibẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n iṣan vagus àti nitric oxide kò ní ẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà kí èémí tó lè falẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lẹ́yìn tí ó ti bi ààfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀ lè mí ní ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan láìfi ọwọ́ kan imú. Ohun tí yóò pàdánù kéré.

Ẹ̀rọ mi sọ pé ìfúnpá mi wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tí mo fi mí. Ṣé mímí náà ni ó ṣe é?

Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ ìjókòó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé tí ó wọn ara rẹ̀, tí ó wá jókòó jẹ́jẹ́ tí ó tún un wọ̀n, yóò sábà rí i pé nọ́ńbà kejì kéré, ì báà má mí kankan. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tí ó dára fi máa ń ní àwọn tí wọ́n kàn jókòó lásán fún àfiwé, èyí tí kò bá sì ní in kò yẹ kí a fi kọ́ni.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ gbé apá sórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ wọn ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ẹ ṣe nadi shodhana fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, apá kan náà, láìtíì jẹ obì, ẹ kàn jókòó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀, títí kan àwọn tí kò wù yín. Bí ọjọ́ mímí àti ọjọ́ ìjókòó bá fà á wálẹ̀ bákan náà, ìsinmi ni ara yín ń béèrè. Bí ọjọ́ mímí bá ń fi ìgbà gbogbo ju ọjọ́ ìjókòó lọ, ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà yín nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lọ gba oògùn.